Bí ẹ̀fọn bá gbé fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú, kí ló dé tí ibà náà kì í mú òun alára?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Ìkòròdú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ kíláàsì mi kan ni ó bi mí ní ìbéèrè tí mo gbé wá yìí ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, mo sì dá a lóhùn lọ́nà tí kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. A ń kọ́ nípa àwọn àrùn tí kòkòrò ń gbé kiri, mo sì ti kó àwọn ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí a gbé dúrọ́ọ̀mù sí láti fi gbe omi òjò, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí tanwíjí tí ń yí bírí nínú omi. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀fọn dúdú onílà funfun tí ń jẹ wá lójú ọ̀sán, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aedes aegypti, ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè, ó ní: "Sà, ṣé ibà pọ́njú kì í mú ẹ̀fọn ni?"

Mo sọ fún un pé bí abẹ́rẹ́ ni ẹ̀fọn rí, pé ohun tí ó bá fà lára ẹni àkọ́kọ́ ni ó ń tú sí ẹni kejì lára. Àfi bí mo ṣe dé ilé tí mo rántí pé ìwé tí a fi ń kọ́ni gan-an sọ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó máa ń kọjá kí ẹ̀fọn tí ó mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó lè kó àrùn náà ran ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ kì í dúró de ọjọ́ kankan. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹ̀fọn náà ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ohun tí mo ń wá ni èyí: ṣé fáírọ́ọ̀sì náà ń bí sí i nínú ara ẹ̀fọn? Bí ó bá ń bí sí i, ṣé ẹ̀fọn ní ohun tí ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀? Bí ó bá sì ní in, kí ló dé tí kò fi pa fáírọ́ọ̀sì náà run pátápátá, kí àwa náà lè sinmi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé e kúrú fún mi, nítorí mo fẹ́ padà lọ bá ọmọ yẹn kí n sì tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

Asinfọn, Àgbádárìgì

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Iṣẹ́ tèmi ni sísin ẹ̀fọn nínú àgò fún ìwádìí, inú mi sì dùn gidigidi pé ọmọ kékeré ni ó béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò bi ara wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tì. Ihò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú ẹnu tí ẹ̀fọn fi ń gún wa: ọ̀kan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, èkejì ni itọ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ̀jẹ̀ tí ó mu lánàá kì í gba ẹnu rẹ̀ padà sára ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí fáírọ́ọ̀sì tó lè dé ara wa, ó gbọ́dọ̀ rin ìrìn-àjò láti inú ìfun ẹ̀fọn títí dé àpò itọ́ rẹ̀, odi sì wà lójú ọ̀nà náà. Odi àkọ́kọ́ ni ògiri ìfun: fáírọ́ọ̀sì ní láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì bí sí i. Lẹ́yìn èyí, ó ní láti jáde láti inú ògiri náà bọ́ sínú omi ara tí ó dúró fún ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀fọn, kí ó tàn káàkiri, kí ó sì tún wọ inú àpò itọ́. Fún fáírọ́ọ̀sì dengue, tí ó jẹ́ ìbátan ti ibà pọ́njú, ìrìn-àjò yìí máa ń gbà tó ọjọ́ 8 sí 12, ó sì máa ń yá sí i bí ojú ọjọ́ bá gbóná. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn, ìrìn-àjò náà kì í kọjá odi kìn-ín-ní. Lára àwọn mìíràn, fáírọ́ọ̀sì á wọ ògiri ìfun, yóò sì há síbẹ̀ títí ẹ̀fọn náà yóò fi kú. Ẹ̀fọn kì í sì í pẹ́ láyé; abo tí ó bá lo oṣù kan ti di arúgbó. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé abo tí ó ti dàgbà díẹ̀, tí ó sì ti mu ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, ni ó léwu, kì í ṣe gbogbo èyí tí ń kùn létí wa.

Wàyí o, ìjà tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí fi ń jogún ara wọn kì í ṣe DNA bíi tiwa, RNA ni, bí okùn kan ṣoṣo tí a to lẹ́tà sí lára. Kí ó tó lè bí sí i, ó gbọ́dọ̀ da okùn yẹn kọ, bí ó sì ti ń dà á kọ, okùn ti àtijọ́ àti ti tuntun á so mọ́ ara wọn, wọn á di okùn oníṣẹ̀ẹ́po méjì tí ó gùn. Irú okùn gígùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá máa ń ní, nítorí náà àmì ni ó jẹ́ pé àlejò ti wọlé. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Dicer-2 ni ó máa ń dá okùn yìí mọ̀, yóò sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ègé kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ lẹ́tà 21. Èròjà kejì, Argonaute-2, á gba ègé kan, á ju ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nù, á sì di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Ẹ̀gbẹ́ tí ó dì mú yìí ni ó fi ń wá olè kiri, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́dẹ àdúgbò tí wọ́n fún ní àwòrán ẹni tí ó ń wá. Gbogbo okùn RNA tí ó bá pàdé tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti ègé ọwọ́ rẹ̀ mu, yóò gé e sí méjì lójú ẹsẹ̀. Okùn tí a bá sì gé kò lè bí fáírọ́ọ̀sì mọ́.

Ara aràn kékeré kan ni àwọn ọ̀mọ̀wé Andrew Fire àti Craig Mello ti kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1998, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2006. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ọ̀kan pàtàkì nínú ohun ìjà tí kòkòrò fi ń dojú kọ fáírọ́ọ̀sì nìyí. Àwọn ọ̀nà ìpè ogun mìíràn wà, irú bíi Toll, IMD àti JAK-STAT, tí ń jí àwọn èròjà ìdáàbòbò mìíràn dìde, ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá mọ ti gígé okùn yìí, ó ti mọ ọkàn ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ̀gbọ́n Asinfọn, ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, kí ẹ sì bá mi tọ́ ọ sọ́nà bí mo bá ṣì í. Èrò mi ni pé bí àwa èèyàn ṣe ń ní ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀fọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé a kò lè fa ọmọ ogun náà yọ lára ẹ̀fọn kí a fi ṣe oògùn fún ara wa ni?

Asinfọn, Àgbádárìgì

Àbúrò, ó dára tí o béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí o ń sọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní antibody, kò sí lára kòkòrò kankan. Àwa ẹlẹ́gungun ẹ̀yìn ni a ní in. Ègé lẹ́tà 21 tí mo ṣàlàyé lókè, inú ara ẹ̀fọn náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí a lè fà yọ bí ẹni ń fa omi láti inú kànga kí a wá mu ún.

Síbẹ̀, èrò rẹ kò jìnnà tó bí o ṣe lè rò, nítorí ẹ̀fọn ní ohun kan tí ó jọ ìrántí. Nínú DNA Aedes aegypti, àwọn onímọ̀ rí ègé àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ó ti kó wọ ara àwọn baba ńlá rẹ̀ láti ayébáyé, tí ó lẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá rẹ̀, tí ìyá sì ń fún ọmọ. Láti ara irú ègé wọ̀nyí ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe oríṣi okùn kékeré mìíràn, tí ó gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, lẹ́tà bíi 24 sí 30, tí wọ́n ń pè ní piRNA. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ fi hàn pé nígbà tí wọ́n yọ ọ̀kan nínú ègé àjogúnbá wọ̀nyí kúrò lára ẹ̀fọn, fáírọ́ọ̀sì tí ègé náà ti wá, tí ó jẹ́ èyí tí ń gbé ara kòkòrò nìkan, bí sí i nínú ilé ẹyin rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí máa ń wú mi lórí púpọ̀: pé olè tí ó wọ ilé baba ńlá ẹni fi apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ọmọ sì ń fi aṣọ náà dá àwọn ẹbí olè mọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní apá Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, kò sì sí oṣù kan kí aláìsàn kan má bi mí bóyá ẹ̀fọn lè kó kòkòrò àrùn HIV ran òun. Àlàyé Asinfọn nípa ihò méjì yẹn ni mo ti ń wá fún wọn láti ọjọ́ yìí, nítorí òun ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ìdáhùn kejì ni pé HIV kò lè ré odi àkọ́kọ́ kọjá rárá. Kí HIV tó wọ sẹ́ẹ̀lì, ó gbọ́dọ̀ rí èròjà kan tí ń jẹ́ CD4 dì mú lára sẹ́ẹ̀lì náà, irú èyí tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tiwa. Sẹ́ẹ̀lì ìfun ẹ̀fọn kò ní in. Ẹ̀fọn á kàn da HIV pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó mu, oúnjẹ ni yóò sì fi í ṣe.

Mo sì fẹ́ rọ Olùkọ́ pé kí wọ́n bá wa ya ibà lásán sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá padà sí kíláàsì. Ibà tí a mọ̀ sí malaria kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, kòkòrò àrùn Plasmodium ni, ẹ̀fọn mìíràn, Anopheles, tí ń jẹ wá lóru, ni ó sì ń gbé e. Òun náà ń bá àlejò rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ohun ìjà mìíràn ni ó ń lò fún un. Àwọn ìyá tí ń wá sọ́dọ̀ wa máa ń da méjèèjì pọ̀, wọn á sì rò pé àwọ̀n tí wọ́n ta lóru ti gba ọmọ lọ́wọ́ èyí tí ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Ìkòròdú

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ti yé mi pé abẹ́rẹ́ tí mo sọ kò tọ́, n ó sì jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kẹta ṣì wà nílẹ̀ sí i. Bí Dicer-2 ṣe ń gé okùn tó yìí, tí Argonaute-2 sì ń ṣọ́dẹ kiri, kí ló dé tí fáírọ́ọ̀sì ṣì ń dé inú itọ́? Bí ọlọ́dẹ bá mú àwòrán olè dání, tí olè sì ń gbé àdúgbò náà títí ọjọ́ ikú ọlọ́dẹ, ṣé a lè sọ pé ọlọ́dẹ ń ṣiṣẹ́?

Asinfọn, Àgbádárìgì

Olùkọ́, ibí gan-an ni mo ń retí kí ẹ dé. Ọlọ́dẹ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í ṣe èyí tí àwa rò.

Ìdánwò kan wà tí àwọn onímọ̀ ṣe, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2008. Wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Sindbis, tí ẹ̀fọn máa ń gbé láìsí ìpalára tí ó hàn sí ojú. Wọ́n fi ohun kan kún un láti ara fáírọ́ọ̀sì kòkòrò mìíràn, èyí tí ń jẹ́ B2, iṣẹ́ B2 sì ni pé kí ó dí Dicer-2 lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì tí a tún ṣe yìí sára ẹ̀fọn, fáírọ́ọ̀sì náà bí sí i láìsí ìdíwọ́, àwọn ẹ̀fọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ wá rí i báyìí: fáírọ́ọ̀sì tí a ti rò pé kò lè ṣe ẹ̀fọn ní nǹkan kan lè pa á. Ohun tí kò jẹ́ kí ó pa á ni gígé okùn tí kò dáwọ́ dúró ní ọ̀sán àti ní òru. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ yẹn kì í ṣe pé ibà kì í mú ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ń jà ni, ìjà náà sì ń lọ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìjà náà dúró sí ni wàhálà tiwa. Ohun tí ó kan ẹ̀fọn ni kí ó yè, kí ó mu ẹ̀jẹ̀, kí ó sì yé ẹyin, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó ní láyé. Bí ó bá ti tẹ fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n tí kò fi lè dí àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́, kò sí èrè kankan fún un mọ́ nínú pípa èyí tí ó kù. Fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú kò fẹ́ kí ọkọ̀ tí ó wọ̀ rì. Àdéhùn tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni èyí, àwa tí a kò sì sí níbẹ̀ ni a ń san owó rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì náà kò sì kàn jókòó. Dengue àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń tú ègé RNA kan sílẹ̀ tí ń da iṣẹ́ gígé náà rú. Ibi tí ó wọlé náà tún ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ rí i pé èròjà kan tí ń jẹ́ Loqs2, tí ó yẹ kí ó máa ran iṣẹ́ gígé yìí lọ́wọ́, kò sí nínú ìfun Aedes aegypti, bẹ́ẹ̀ ìfun ni dengue ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú kí èròjà náà wà nínú ìfun, agbára dengue dínkù níbẹ̀. Bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ní ọlọ́dẹ àfi ẹnu géètì.

Ẹ̀rí mìíràn tí èmi máa ń rí pẹ̀lú ojú ara mi ni pé, nígbà tí àwọn ilé ìwádìí bá fẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì bí sí i púpọ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n máa ń lo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní C6/36. Dicer-2 inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Fáírọ́ọ̀sì máa ń gbilẹ̀ nínú rẹ̀ bí koríko ìgbà òjò.

Bàbá Ìjẹ̀dẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, mo sì fẹ́ kí Olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ Ìkòròdú wọ̀nyẹn pé ìlú Èkó tiwọn ní ipa nínú ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1927, àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller Foundation rán wá, tí wọ́n ní ibùdó ní Yaba, gba fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Asibi yè. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ìwádìí náà, kó àrùn yẹn, ó sì kú sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi yẹn ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àjẹsára 17D ní New York, tí wọ́n fi sínú sẹ́ẹ̀lì eku àti ti ọmọ adìyẹ léraléra títí oró rẹ̀ fi rọ̀. Abẹ́rẹ́ kan náà ni a ń fún àwọn ọmọ wa ní oṣù mẹ́sàn-án títí di òní. Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù ni pé fáírọ́ọ̀sì 17D kò lè rin ìrìn-àjò tí Asinfọn ṣàlàyé. Bí ẹ̀fọn bá mu ún, ó lè wọ ògiri ìfun, ṣùgbọ́n kì í lè jáde níbẹ̀ dé àpò itọ́. Ìdí nìyí tí a kò fi bẹ̀rù pé ẹ̀fọn yóò gbé e láti ara ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ lọ sí ara ẹlòmíràn. Okùn kan náà ni ó ti ọ̀dọ̀ Asibi wá. Lẹ́tà díẹ̀ ni ó yí padà nínú rẹ̀, odi ìfun ẹ̀fọn sì di ohun tí kò lè fò mọ́.

Ọmọ Ìgbógbó

Bàbá, ẹ ṣé, kí ẹ pẹ́ fún wa. Bí odi ìfun bá lágbára tó báyìí, ṣé kò sí ọ̀nà tí a lè fi ran ẹ̀fọn lọ́wọ́, kí ìjà rẹ̀ lè parí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Asinfọn, Àgbádárìgì

Ó wà, wọ́n sì ti ń ṣe é. Bakitéríà kan wà tí ń jẹ́ Wolbachia, tí wọ́n ti rí nínú ẹ̀fọn Culex láti ọdún 1924, tí ó sì ń gbé inú ọ̀pọ̀ kòkòrò láìpa wọ́n lára. Kò sí nínú Aedes aegypti láti ilẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ gbà á lára eṣinṣin kékeré tí ń bà lé èso tí ó ti pọ́n jù, wọ́n gún un sínú ẹyin Aedes, láti ìgbà náà sì ni ìyá ti ń gbé e fún ọmọ nínú ẹyin. Nínú ẹ̀fọn tí ó bá ní in, dengue kì í rí àyè bí sí i dáadáa. Wọ́n tú irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní apá kan ìlú Yogyakarta ní Indonéṣíà, èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021 sì fi hàn pé àrùn dengue fi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù níbẹ̀ sí apá tí wọn kò tú u sí.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Ìkòròdú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, àgàgà Bàbá. Mo ti ra bébà gbọọrọ àti sísọ́ọ̀sì márùn-ún. Ní ọjọ́ Ajé, n ó ní kí àwọn ọmọ kọ lẹ́tà A, U, G àti C sí ara bébà méjì tí yóò bá ara wọn mu, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹni tí ó jẹ́ Dicer-2 gé wọn ní lẹ́tà mọ́kànlélógún mọ́kànlélógún, kí ẹni tí ó jẹ́ Argonaute-2 sì mú ègé kan kiri kíláàsì láti wá èyí tí ó bá a mu lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ni n ó fún ní sísọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Àwọn méjì kan yóò sì máa da bébà tuntun kọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń gé, kí kíláàsì lè rí i fúnra wọn pé kò ní gé e tán.